Ta Ni Àbùjá Tọ́ Sí?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, àwọn onímọ́tò ìlú Groningen ní àríwá ilẹ̀ Nẹ́dálándì jí, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ìlú tí àwọn sùn sí lálẹ́ àná ti yàtọ̀. Wọn ò wó ilé kankan o. Wọn ò la títì tuntun. Àmì ojú títì ni wọ́n yí padà lóru. Títì tí mọ́tò ń gbà lọ gbà bọ̀ tẹ́lẹ̀ di one-way. Èyí tó ti jẹ́ one-way tẹ́lẹ̀ kọjú síbòmíràn. Wọ́n pín àárín ìlú sí apá mẹ́rin, wọ́n sì sọ fún onímọ́tò pé: o lè wọ èyí tó bá wù ọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ ti inú ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì. Bó o bá fẹ́ dé apá kejì, jáde padà sí títì tó yí àárín ìlú ká, rìn yípo, kó o tún ọ̀nà mìíràn wọlé. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Òun ń kọjá lọ ní tiẹ̀, tààrà.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ níbí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí àwọn bàbá wa àgbà ń gùn lọ oko, tí tíṣà ń gùn lọ ilé ìwé, tí ìyàwó ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ ọjà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Groningen lọ́jọ́ yẹn ju bí àwọn ẹnjiníà ṣe sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni àbùjá. Ẹni tó bá mọ àbùjá á dé ilé kí ẹni tó gba ojú ọ̀nà tó dé. Ní gbogbo ìlú ayé, wọ́n máa ń fún ẹnì kan ní àbùjá, wọ́n á sì ní kí ẹlòmíràn yípo. Ní Èkó, ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ́ sọdá títì ńlá ni wọ́n ní kó gun afárá lọ sókè kó tó sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì, tòun ti ẹrù lórí, nígbà tí mọ́tò ń lọ gbọrọgbọrọ nísàlẹ̀. Groningen yí i padà. Mọ́tò ni wọ́n ní kó lọ yípo. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí pé wọn ò dédé dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Nẹ́dálándì ni kẹ̀kẹ́ wà. Irọ́ ni. Lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ kún ibẹ̀ bámúbámú kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé àti fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nígbà yẹn. Nígbà tí owó wọlé ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, mọ́tò ni wọ́n ń rà, ìjọba sì ń tún ìlú ṣe fún mọ́tò. Wọ́n wó ilé láti fẹ títì. Wọ́n sọ gbàgede ọjà di ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí. Ní 1954, ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá Amsterdam, Hendrik Kaasjager, dábàá pé kí wọ́n dí lára àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú náà ká, kí mọ́tò lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ ro Amsterdam wò láìsí odò rẹ̀! Àwọn aráàlú pariwo, àbá náà sì kú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ibi tí ọkàn àwọn aláṣẹ wà nígbà náà.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ò tíì tán nílẹ̀. Àárín mọ́tò ni wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ sí. Ní ọdún 1971, nǹkan bí 3,300 èèyàn ló kú sójú títì ní orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, àwọn tó lé ní 400 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ọmọ akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Vic Langenhoff. Kẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin náà ń gùn lọ ilé ìwé tí mọ́tò fi pa á. Ní 1972, bàbá rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn De Tijd, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Stop de Kindermoord, ìyẹn ni pé ẹ dẹ́kun pípa ọmọdé. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tó lò. Kò pè é ní jàǹbá. Kò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ní ìpànìyàn ni, ẹni tó bá sì pè é ní ìpànìyàn ti béèrè pé ta ló pa á.

Inú àpilẹ̀kọ yẹn ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti jáde. Obìnrin kan, Maartje van Putten, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ó padà wá di ọmọ ilé aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn ń dí títì, wọ́n ń jókòó sójú ọ̀nà mọ́tò, wọ́n ń ní kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré lánàá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò le rárá: kí ọmọ lè jáde nílé lọ ilé ìwé kó sì padà wálé.

Ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́ ni epo wọ́n. Ní ìparí ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dẹ́kun títa epo fún Nẹ́dálándì, ìjọba Joop den Uyl sì pàṣẹ pé kí mọ́tò má jáde ní Ọjọ́ Àìkú. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá. Àwọn èèyàn gun kẹ̀kẹ́ jáde sórí títì márosẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fi bàtà onítáyà sáré níbi tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àwa ńkọ́? Owó epo tó wọ́n yẹn kan náà ló ń ya wọ Nàìjíríà. Owó Udoji jáde, mọ́tò wọlé, Èkó kún fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ìjọba ti pàṣẹ ní Èkó pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ odd ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ even ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Èkó sọ ọjọ́ tí mọ́tò lè jáde fún un, Groningen sọ ibi tó lè gbà. Kò sí bó o ṣe lè fi owó ra ara rẹ jáde nínú ti Groningen.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba Nẹ́dálándì kọ́kọ́ dán wò kì í ṣe ti Groningen rárá. Ohun tí gbogbo ìjọba máa ń kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀kan hàn wá ná. Ní àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n kó owó lé ìlú méjì lọ́wọ́, The Hague àti Tilburg, pé kí kálukú la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo gba inú ìlú kọjá, kí ó jẹ́ àwòkọ́ṣe. Ọ̀nà ọ̀hún dára lóòótọ́. Ó fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dán, ó pupa fòò kí gbogbo èèyàn lè dá a mọ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń kọ́kọ́ kọjá ní ọ̀pọ̀ oríta. Owó kékeré kọ́ ló bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ka iye èèyàn tó ń gbà á. Kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ sí i gan-an lórí ọ̀nà tuntun náà. Inú àwọn aláṣẹ ì bá dùn, àfi ìgbà tí wọ́n wo àwọn àdúgbò tó kù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn èèyàn yẹn ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn kúrò ní títì ẹ̀gbẹ́ wá sí èyí tó dára ni. Ní Tilburg pàápàá, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lápapọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó sì dà bíi pé Tilburg ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò sí lẹ́bàá ọ̀nà pupa yẹn, tí ibi tó ń lọ ò sì sí lẹ́bàá rẹ̀, kí ni yóò fi í ṣe? Ṣé kó kọ́kọ́ wa kẹ̀kẹ́ la àárín mọ́tò kọjá kó tó dé ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀ ni?

Ìlú Delft ló gba ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín 1982 sí 1987, dípò ọ̀nà kan, wọ́n ta àwọ̀n bo gbogbo ìlú. Mo lo ọ̀rọ̀ náà àwọ̀n bí apẹja ṣe ń lò ó, nítorí pé bí ojú àwọ̀n ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ronú. Àwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ léra. Èyí tó fẹ̀ jù wà fún ẹni tó ń ti ìpẹ̀kun ìlú kan lọ sí ìkejì, ọ̀nà kan sí èkejì rẹ̀ á tó nǹkan bí 500 mítà. Ìkejì wà fún àdúgbò, ojú tiẹ̀ tó 200 sí 300 mítà. Ìkẹta wẹ́, nǹkan bí 100 mítà, ó wà fún ọmọ tó ń lọ ilé ìwé àti ìyá tó fẹ́ ra búrẹ́dì. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe lílà ọ̀nà tuntun. Dídí ihò ni: afárá kékeré kan lórí odò níbí, ọ̀nà abẹ́ rélùwéè kan lọ́hùn-ún, kí ẹni tó ń yípo kìlómítà kan nítorí odò tí kò fẹ̀ lè sọdá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìrìn 100 tí ará Delft ń rìn nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rin 40. Nígbà tí wọ́n parí, ó di 43.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní mẹ́ta péré! Òun náà ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ju ti Tilburg lọ, ó sì gbé ìbéèrè kan dìde tí mi ò rò pé àwọ̀n nìkan lè dáhùn. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stevenage.

Stevenage ti ní àwọ̀n tirẹ̀ kí Delft tó ronú kàn án. Ní 1946 ni wọ́n yàn án, òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ìlú tuntun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lẹ́yìn ogun. Ọ̀gá ẹnjiníà ibẹ̀, Eric Claxton, fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti wo bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní Nẹ́dálándì. Láti àwọn ọdún 1950 ló ti ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn títì ńlá. Tí wọ́n bá dé oríta roundabout, kẹ̀kẹ́ á gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, mọ́tò á máa lọ lókè, wọn ò ní pàdé rárá. Ó tilẹ̀ gbé títì mọ́tò sókè díẹ̀, ó rẹ ti kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ má baà gun òkè tó le nígbà tó bá ń jáde. Èèyàn tó ronú dé ibẹ̀ yẹn fẹ́ràn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tọkàntọkàn.

Síbẹ̀, àwọn ará Stevenage wọ mọ́tò. Títí dòní, díẹ̀ péré ló ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ níbẹ̀. Kí ló fà á? Claxton ṣe ọ̀nà tó dára fún kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ìlú náà ṣe èyí tó tún dára jù ú lọ fún mọ́tò: títì gbòòrò, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níbi gbogbo. Àwọn méjèèjì ló ní àbùjá. Tí ọ̀nà méjì bá sì yá bákan náà, tí ọ̀kan ń làágùn, tí ìkejì ń gbọ́ rédíò, ìwọ náà mọ èyí tó o máa mú.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ ni ara èèyàn. Bí mọ́tò bá fi kìlómítà kan yípo, epo díẹ̀ ló jó, olówó rẹ̀ lè má mọ̀ pàápàá. Bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá fi kìlómítà kan yípo, itan rẹ̀ mọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ mọ̀, aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ náà mọ̀. Tí wọ́n bá ní kó dúró nídìí iná oríta, ohun tó ti fi agbára kó jọ ló sọ nù. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn ẹnjiníà Nẹ́dálándì wá ọ̀nà láti ka èyí. Wọ́n á wọn bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìkejì bí ẹyẹ ṣe ń fò, wọ́n á wọn bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣe máa gbà á, wọ́n á fi ti ẹyẹ pín ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ 1, ìwọ àti ẹyẹ jọ ń lọ ni. Nínú ìwé ìlànà tí àjọ CROW gbé jáde ní 1993, ohun márùn-ún ni wọ́n ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní: kó so pọ̀, kó lọ tààrà, kó fọkàn balẹ̀, kó rọrùn, kó sì wu èèyàn. Fún àwọn ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù, nǹkan bí 1.2 ni wọ́n ń lé. Ìyẹn ni pé tí ẹyẹ bá fò kìlómítà kan, ìwọ náà ò gbọdọ̀ wa kẹ̀kẹ́ ju kìlómítà kan àti 200 mítà lọ. Lójú tèmi, nínú àwọn márùn-ún yẹn, lílọ tààrà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́ jẹ níbi gbogbo láyé, nítorí pé kì í hàn nínú fọ́tò. Ọ̀dà pupa ló ń hàn nínú fọ́tò.

Èyí ló jẹ́ kí Groningen ta yọ. Kì í ṣe pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọn ló rẹwà jù lọ́dún 1977. Wọ́n kàn mú nǹkan tí Stevenage ò mú ni: wọ́n gba àbùjá lọ́wọ́ mọ́tò. Ẹni tó wà nídìí ètò náà ni Max van den Berg, kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ títì, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé tóun bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, títì kan lóṣù yìí, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó kórìíra ẹ̀ á ti dí i kó tó dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òru ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ yí padà.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fárígá. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ o, ẹni tó bá ti tajà rí á mọ̀ ọ́n: bí mọ́tò ò bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ta ni yóò yà wá rajà? Lójú tiwọn, ẹni tó ní mọ́tò ló ní owó, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kàn ń kọjá lọ ni. Wọ́n ṣàtakò, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ní ìlú ti kú. Kánsù ò yí ọ̀rọ̀ padà. Mọ́tò dín kù gan-an láàárín ìlú, títí kan Grote Markt, gbàgede ọjà ńlá tó ti di oríta ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń wá rajà ò tán. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wá. Lónìí, nínú ìrìn tí àwọn ará Groningen ń rìn láàárín ìlú wọn, èyí tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn lé ní ìdajì.

Houten, nítòsí Utrecht, mú ọgbọ́n kan náà láti ìpìlẹ̀, torí òun ò ní láti bá ìlú àtijọ́ jà. Abúlé ni ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ìjọba ní kó dàgbà, ayàwòrán ilé kan, Rob Derks, ya ìlú kan tí títì mọ́tò yí ká bí okùn àmùrè, nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ. Tí o bá fẹ́ fi mọ́tò lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ ní àdúgbò kejì, àfi kó o jáde sórí títì yẹn, kó o yípo, kó o tó wọlé. Lórí kẹ̀kẹ́, inú ìlú lo máa gbà, ìṣẹ́jú mélòó kan lo ti dé. Ẹ̀bá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ìwé sí, ibùdókọ̀ rélùwéè sì wà ní àárín gbùngbùn. Nǹkan bí 50,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Mọ́tò pọ̀ lọ́wọ́ wọn bíi ti àwọn ìlú tó kù. Wọ́n kàn máa ń fi í sílẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n bá ń lọ síbi tí kò jìn.

Groningen náà ò dúró. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan ní oríta tí mo rò pé awakọ̀ Èkó á kọ́kọ́ rò pé iná ti bàjẹ́: gbogbo mọ́tò dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo kẹ̀kẹ́ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba iná àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ yà sósì ò ní láti sọdá lẹ́ẹ̀mejì. Á dágbére fún igun oríta, á gé àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì máa yà fún ara wọn. Àbùjá nínú oríta nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan Noorderplantsoen. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, ibi tí odi ìlú wà láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é sí, òun ló sì wà láàárín àwọn àdúgbò ìhà àríwá àti àárín ìlú. Títì kan gba inú rẹ̀ kọjá, mọ́tò sì ń sáré lórí rẹ̀ láàárín igi àti àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Ní 1993, kánsù tì í mọ́ mọ́tò láti dán an wò, wọ́n fi í sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Ariwo tún sọ. Ní 1994, wọ́n ní kí aráàlú dìbò sí i: ṣé kó wà bẹ́ẹ̀ àbí kí mọ́tò padà? Àwọn tó ní kó wà bẹ́ẹ̀ ló borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi lé ní ìdajì. Títì náà ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò ń yípo. Ọmọ tó bá ń ti ìhà àríwá lọ ilé ìwé láàárín ìlú á gba abẹ́ igi kọjá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àfi ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mìíràn tó fẹ́ yà á sílẹ̀.